Hosta, fún ẹ̀yin tí ẹ̀yìnkùlé yín kì í rí oòrùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, tí fẹ́ǹsì àti igi aládùúgbò ò jẹ́ kí oòrùn dé ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì da kọ́ńkéré síbẹ̀. Ẹ gbin hosta. Japan, Ṣáínà àti Korea ló ti wá, ewé ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ewé móínmóín ló sọ sí mi lọ́kàn, abẹ́ igi lòun náà ṣáà ń gbé.

Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá gbogbo ewé ẹ̀ pọ́n, ó rọ, ilẹ̀ mọ́ foo, títí oṣù kẹta fi ń parí lọ mi ò rí nǹkan kan, mo ní ó ti kú nìyẹn, mo bá ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, àfi bí mo ṣe rí ọmọ ṣóńṣó-ṣóńṣó tó ti ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀, tí mo ti la ọ̀kan sí méjì. Ó dùn mí gan-an. Oorun ló ń sùn! Ó sì nílò òtútù yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ ní Èkó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan síbòji nílé, caladium ni kẹ́ ẹ wá.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ foo nígbà òtútù yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tá a gbìn ti hosta ṣe pàtàkì. Mo fi snowdrop sáàárín wọn, oṣù kejì ló ń yọ òdòdó, kí ewé ẹ̀ tó pọ́n, hosta á ti là bò ó. Fern wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé ẹ̀ rí wínníwínní, ó bá ewé ńlá yẹn mu. Heuchera aláwọ̀ pupa wà níwájú, òun kì í wọ́wé nígbà òtútù. Astilbe rẹwà àmọ́ omi ló ń fẹ́, tí ilẹ̀ yín bá máa ń gbẹ, ẹ lo epimedium.

Ọ̀tá hosta ni slug, ìgbín tí ò ní karawun yẹn, á lu ewé bí ajere. Ẹ má dúró dìgbà tí ewé bá là o, àtìgbà tó bá ti ń yọrí ni kẹ́ ẹ ti máa gbé tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́, pàápàá tí òjò bá rọ̀, kẹ́ ẹ máa ṣà wọ́n, torí ewé tó bá ti lu kì í dí mọ́. Ẹ ra irú hosta tí ewé ẹ̀ nípọn, bíi Halcyon, wọn kì í tètè rí i jẹ.

Èyí tí mo là sí méjì yẹn, méjèèjì ló hù. Báyìí mo ti ń pín in bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.