Alẹ́ tí dádì mi ò mọ̀ mí mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè gbàgbé alẹ́ ọjọ́ yẹn láé. Ó ti lé lọ́dún 3 tí dádì mi ti ń bá àìsàn ẹ̀dọ̀ yí, a sì rò pé ikùn tó ń wú yẹn ni gbogbo wàhálà ẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọn ò fojú kan oorun lóru, wọ́n kàn ń kanra mọ́ gbogbo wa, èmi rò pé ọjọ́ ogbó ni. Àfi bí wọ́n ṣe fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Ó di ọsibítù.

Dókítà ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni fẹ́ dá mọ́tò dúró, ọwọ́ yẹn kàn ń já wálẹ̀ ó tún ń gbéra, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá wa sẹ́ májèlé tó ń wá látinú ìfun, ammonia wà lára ẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ tí ò lágbára mọ́, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dénú ọpọlọ. Ó wá béèrè ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ọjọ́ 4! Ṣé ẹ rí i, àìrígbẹ́yà ló jẹ́ kí májèlé yẹn pọ̀ sí i nínú ìfun, tó fi da orí bàbá mi rú báyẹn o.

Lactulose ni wọ́n fún wọn, oògùn olómi kan tó dùn gan-an, kí wọ́n lè máa yàgbẹ́ tó rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n lajú, wọ́n pe orúkọ èmi gan-an, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo bú sẹ́kún.