Ọmọ Mi Lọ Jíhìn Rere fún Ọdún Méjì Kí Ó Tó Gbá Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì kan tí ó wá sí ilé wa ní ìpínlẹ̀ Utah ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, ó sì tún tọrọ ẹran. Nígbà tí ó jẹun tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí a má ṣèyọnu, kí ọmọ wa lọ ṣe iṣẹ́ Olúwa fún ọdún méjì, pé nígbà tí ó bá dé, àyè rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ dè é. Mo gbà á gbọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tí ó jẹ oúnjẹ rẹ, tí ó wo ojú rẹ, tí ó sì ṣe ìlérí, ìwọ̀sí ni kí o tún gbé bébà síwájú rẹ̀ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí ọmọ mi gbéra lọ sí Brazil, yunifásítì náà lé kóòṣì yìí lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ mi.

Àwọn òbí Yorùbá tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ Ìjọ ti Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì, ni mo ń kọ èyí sí jù lọ. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa náà lè kà á, nítorí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, ti ń sọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa di ẹni tí yunifásítì ń wá kiri.

Títí di ọdún 2012, ọmọkùnrin ní láti pé ọdún mọ́kàndínlógún kí ìjọ tó rán an lọ jíhìn rere, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù a máa wọ yunifásítì fún ọdún kan ná. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Thomas S. Monson, ààrẹ ìjọ wa nígbà náà, kéde pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lè lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ń ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí ọ̀nà tààrà. Ọmọ náà kì í yan ibi tí yóò lọ, oṣù mẹ́rìnlélógún ni yóò sì lò níbẹ̀. Kò sí owó oṣù nínú rẹ̀. Àwa ni a ń san dọ́là 500 lóṣooṣù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Èkó gbọ́, ó kígbe lórí fóònù pé, "Ọmọ tí òyìnbó fẹ́ fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, òun ni ẹ ní kó lọ máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn?" N kò rí èsì tó dára fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ti òfin, kò sí ìṣòro ńlá níbẹ̀. Àjọ NCAA, tí ó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kì í ka àkókò iṣẹ́ ìhìnrere mọ́ ọdún márùn-ún tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gbá bọ́ọ̀lù fún sáà mẹ́rin. Ibi tí ó ti ń di wàhálà ni pé ìlérí kóòṣì dúró lé ẹsẹ̀ kóòṣì fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti fara balẹ̀ wo ìtàn Taysom Hill, agbábọ́ọ̀lù kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ni, ǹ bá ti mọ̀. Yunifásítì Stanford ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé fún, lábẹ́ kóòṣì Jim Harbaugh, kí ó tó lọ jíhìn rere ní Australia. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Harbaugh lọ di kóòṣì ẹgbẹ́ San Francisco 49ers, tí ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó. Nígbà tí Hill padà dé, BYU, yunifásítì ìjọ wa ní Utah, ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún. Tanner McKee náà fọwọ́ sí ìwé fún Stanford, ó lọ sí Brazil ní ọdún 2018, ó sì bá kóòṣì David Shaw lórí àga rẹ̀ nígbà tí ó dé. Stanford yẹn náà ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù títí ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles fi mú un ní ọdún 2023. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ kóòṣì nìkan ni ó ya ìtàn àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òbí tí ó bá fojú fo ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ohun tí ó yọ wá ni í-meèlì kan ṣoṣo. Akọ̀wé kékeré kan ní ọ́fíìsì yunifásítì tí ó wá ọmọ wa ti kọ ọ́ sí ìyàwó mi kí ọmọ tó lọ, ó dárúkọ sáà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì ní olórí ẹ̀ka eré ìdárayá ti mọ̀ sí i. Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fi sínú àpò tí a ń kó ìwé ìrìnnà wa sí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Bébà yẹn ni a gbé lọ bá wọn, wọ́n sì san owó ilé ìwé ọmọ wa láìjanpata. Àyè láti gbá bọ́ọ̀lù kò sí nínú bébà náà, nítorí náà ìyẹn kò bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le sí i ju ti ìgbà tiwa lọ. Agbábọ́ọ̀lù lè kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn wẹ́rẹ́ báyìí, owó gidi ti wọ inú eré náà, àwọn yunifásítì tí ó wọ àdéhùn tuntun ti ọdún 2025 lórí sísan owó fún agbábọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ ní ju ènìyàn 105 lọ nínú ẹgbẹ́. Kóòṣì tí àyè rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ yóò rò ó dáadáa kí ó tó fi àyè kan pamọ́ de ọmọ tí kò ní fojú kàn fún ọdún méjì.

Àṣìṣe kan wà tí ojú ń tì mí láti sọ. Láti oṣù kejì ọdún 2019 ni ìjọ ti gba àwọn ajíhìnrere láyè láti bá ilé sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ ìyá nìkan ni. Ìlú Salvador ni ọmọ mi wà, ní Bahia. Lọ́jọ́ kan ó yí fóònù sí obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó ń din nǹkan nínú epo pupa létí títì, ó ní, "Dádì, ẹ wò ó, àkàrà rèé o! Acarajé ni wọ́n ń pè é." Inú gbogbo wa dùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni mo sọ fún un pé wọ́n ti lé kóòṣì. Ojú ọmọ náà yí padà. Fún bí oṣù kan, bọ́ọ̀lù nìkan ni a ń sọ, títí òun fúnra rẹ̀ fi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ohun tí mo wá ṣe." Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yẹ kí n ti di ẹrù yẹn mọ́ra, kí n máa bá yunifásítì fà á lẹ́yìn.

Ti ara rẹ̀ ńkọ́? Ìlà iwájú ni ọmọ mi ń gbá, níbi tí wọ́n ti ń fi ara kọ lu ara. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 238 nígbà tí ó lọ; ó padà dé ní oṣù keje ọdún 2024 ní 207. Ihò mẹ́ta ni ó ti fi ìṣó lu kún bẹ́líìtì rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa ráhùn pé àwọn ọmọ Mọ́mọ́nì jẹ́ àgbà láàárín ọmọdé lórí pápá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti ara rírìn nínú oòrùn àti ìdajì wákàtí eré ìdárayá láràárọ̀ di òmìrán. Sáà oṣù kẹjọ ni a ti fọwọ́ sí, a kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbáradì, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já.

Bí mo bá sọ èyí, wọn a dárúkọ Tanner Mangum fún mi, agbábọ́ọ̀lù BYU tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ó ti Chile dé tí ó fi ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí BYU fi na Nebraska 33 sí 28 ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n quarterback, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, ni Mangum, apá ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí yóò máa fi itan ti ènìyàn bí ògiri nílò oṣù mẹ́fà ní ilé, kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó máa gbé irin díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè fún oṣù kìíní.

Itan ọmọ náà ti san, ó ti kúrò níbẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń wá báyìí. Kóòṣì kan wá ní oṣù tó kọjá, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni a fi gbà á lálejò. Bí ìyàwó mi ṣe ń kó àwo, mo gbé bébà kalẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò ní kí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ìlànà kọ ìwé sí wa. Ìwé náà dé ní ọjọ́rú. Oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ sí ibi tí a fẹnu kò sí oṣù kìíní. A ti dá a padà.