Títẹ́ àpáàdì sílẹ̀ ní Ifẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ọnà orí ilẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò tún fojú rí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí kò ṣeé kánjú ṣe. Ọnà orí ilẹ̀, ìyẹn títo ewé, òkúta tàbí àpáàdì sílẹ̀ kó di ọnà, lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewé tíìkì àti ewé fúrúùtù tó ti pọ́n lára igi máa ń rẹwà tí a bá tò wọ́n yípo, àmọ́ kíá ni iṣẹ́ ń parí, atẹ́gùn ọyẹ́ á sì gbá a lọ. Àpáàdì ni èmi fara mọ́ jù. Ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì wo ilẹ̀ pẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí èèrà, ekòló, gbòǹgbò, àti oríṣi iyẹ̀pẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ilé òun.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì níbí. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ yìí sí. Bí ẹ bá wo èyí tó ṣẹ́ kù dáadáa, ẹ ó rí i pé orí etí ni àpáàdì dúró: ìlà kan dà sí ọ̀tún, èkejì dà sí òsì, bí ewé ṣe yà lára imọ̀ ọ̀pẹ. Níbòmíràn, wọ́n to òkúta funfun sáàárín rẹ̀. Ìdúró yẹn ló jẹ́ kó pẹ́. Àpáàdì tó bá sùn gbalaja, ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Èyí tó dúró tó sì há mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ru èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú àpáàdì inú ilẹ̀ Ifẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ yín. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Bí ọkọ́ bá kàn án, ẹ bò ó padà, kí ẹ lọ sọ ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnuwà. Ẹ bi onílẹ̀ àti àwọn àgbà pẹ̀lú, torí ojúbọ pọ̀ ní Ifẹ̀ tí àlejò kò lè dá mọ̀. Àfọ́kù ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má lo tánńganran, etí rẹ̀ ń ya ọwọ́.

Òbìrí tó fẹ̀ ní mítà 1 tó èèyàn mẹ́fà ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò ni iye àpáàdì: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, tó sì gùn tó 5, ó máa lé ní 1,000 kó tó kún. Ẹ kó garawa oní-lítà 20 mẹ́ta sí mẹ́rin jọ, àti àbọ̀ garawa òkúta funfun. Òkúta yìí máa ń yọjú níbi tí òjò ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà lọ. Àwọn ọmọdé ló mọ̀ ọ́n ṣà jù.

Ẹ kan èèkàn sáàárín, ẹ so okùn sẹ̀ǹtímítà 50 mọ́ ọn, ẹ fi igi ṣóńṣó fa ìlà yí i ká. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ọmọ odó gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí gìgísẹ̀ yín kò fi ní fi àpá sílẹ̀ mọ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ilẹ̀ tí kò bá kì, àárín rẹ̀ á rì, omi òjò á dúró síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tú.

Ẹ po amọ̀ òṣùwọ̀n kan mọ́ yanrìn méjì, kó tutù débi tó ṣeé dì lọ́wọ́, kó má ṣàn. Amọ̀ nìkan á súnkì, á sán bó bá gbẹ; yanrìn nìkan, òjò àkọ́kọ́ á fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ tẹ́ ẹ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 6 létí, 8 láàárín, kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ fi òkúta ńláńlá sé etí rẹ̀ ká, torí etí ni àpáàdì ti kọ́kọ́ ń yẹ̀. Láti àárín wá sí ìta ni kí ẹ máa to àpáàdì, ibi tó mú lọ sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú amọ̀ dé ìdajì, kí ẹ sì máa to òkúta funfun sáàárín rẹ̀. Níkẹyìn, ẹ gbá erùpẹ̀ pupa gbígbẹ sáàárín rẹ̀, ẹ wọ́n omi, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn tààrà máa ń jẹ́ kó sán.

Oṣù Kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń lọ, ilẹ̀ kò sì tíì le. Tó bá di Oṣù Kìíní, ọkọ́ á máa ta padà.

Koríko tó bá hù láàárín rẹ̀, ẹ fọwọ́ fà á tu nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Bí ẹ bá fi ọkọ́ ro ó, àpáàdì á tẹ̀ lé e jáde.