Bàbá Sọ́jà na ẹsẹ̀ fún ọmọ Kónní

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Ògún, 2023

Ìró sísọ́ọ̀sì Sàní ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Láàárọ̀ Jímọ̀ ló máa ń wá sí àdúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ gé èékánná yóò sì pè é. Bàbá Sọ́jà ló pè é lónìí. Àbúrò bàbá mi ni, ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì tí ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́, Sàní gbé e lé orúnkún ara rẹ̀, ó ń gé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá wọn: àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó pàdé l'Ábùjá lánàá ti ní kí àwọn ọmọ ogun wà ní ìmúrasílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Niger.

Ọmọ Kónní ni Sàní, ìlú kan ní Niger, lọ́hùn-ún lẹ́yìn ibodè Ìlléla. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó ní, "Baba, ṣé ẹ máa wá bá wa jagun?"

Bàbá kò fèsì. Ó ní kó gé èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ kí Nàìjíríà lọ ja ogun yìí. Kì í ṣe pé mo gbè sẹ́yìn àwọn ológun tó wà ní Niamey, olú-ìlú Niger. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa dáàbò bo Ààrẹ Mohamed Bazoum ló tì í mọ́lé lọ́jọ́ 26 oṣù Agẹmọ, tí olórí wọn, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, sì gba ìjọba. Ẹni tí aráàlú dìbò yàn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwa tí ológun jẹ gàba lé lórí títí di 1999 kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ fún irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin Tchiani àti ìyá Sàní. Omi dídì ni ìyá yẹn ń tà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí tí wọ́n ti gé iná tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa sí ọ̀dọ̀ wọn, Sàní ní aṣọ ni ìyá òun ń kó sínú fíríìjì báyìí. Kí ni obìnrin yẹn ṣe fún wa?

Mo mọ ohun tí ogun òkèèrè ń ṣe fún agbo ilé. Oṣù kẹjọ 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, gúnlẹ̀ sí Monrovia ní Làìbéríà, Bàbá Sọ́jà sì wà lára àwọn ọmọ tiwa tó lọ. Ohun tó sọ fún màmá àgbà ni pé kí wọ́n tó kórè ẹ̀gẹ́ tó wà lóko, òun ti dé. Wọ́n ní àlàáfíà ni wọ́n ń lọ ṣọ́. Oṣù kan kò tíì pé tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan, fi wọ ibùdó ECOMOG gan-an ní èbúté, tí wọ́n mú Ààrẹ Samuel Doe níbẹ̀, tí wọ́n sì pa á. Láti ìgbà yẹn, onílàjà di oníjà. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dìbò ní Làìbéríà, ogun tún bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó di 2003 kó tó rọlẹ̀. Kí ìyẹn tó parí, àwọn ọmọ wa tún ti ń kú ní Freetown, ní Sierra Leone.

Màmá àgbà kú ní 1992. A ò mọ ibi tí a lè gbà fi tó Bàbá létí, a sin wọ́n láìsí i níbẹ̀. Lọ́dún kejì ló dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń tiro. Kò kí ẹnikẹ́ni. Yàrá ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń pè é. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Kò sí àgbàlagbà kan tó lè dìde lọ sọ fún un.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Lítà epo ti di 617 náírà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí ìlú wa níbí, a ti ń retí kí wọ́n parí rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Àwọn ajínigbé ń kó wa lóko. Ṣé ọmọ ogun ló wá pọ̀ jù lọ́wọ́ wa? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán wọn lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn sẹ́nétọ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ sì ti sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá pé ìjíròrò ni kí wọ́n gbé lárugẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àṣẹ tó jáde lánàá ló tún kó mi láyà sókè.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọjá níwájú ilé wa gbọ́ rédíò, ó ní kí wọ́n kúkú lé gbogbo "àwọn wọ̀nyí" lọ. Sàní gbọ́ ọ. Ara mi gbóná. Ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìlú tí àwọn òbí wa ti Tamale àti Yendi padà sí ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gáná?

Nígbà tí Sàní parí, Bàbá sanwó fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè, mi ò ní lọ."

Wọn kò ní pe Bàbá. Káyọ̀dé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa pè, ọmọ ọdún 24, ní bárékè rẹ̀ ní Sókótó. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ òní, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Màá tún pè é kí n tó sùn.