Ọkàn Tí Agbára Rẹ̀ Ti Dínkù
Bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ẹsẹ̀ aláìsàn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé bí ọkàn kò bá lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, omi a máa mú kí ẹsẹ̀ wú, a sì máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ìwádìí THESUS-HF, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 lórí aláìsàn 1,006 tí agbára ọkàn wọn ti dínkù báyìí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì wọ́pọ̀ jù lára ohun tó fa àìsàn náà. Ẹni ọdún 52 ṣì ń sanwó ilé-ìwé ọmọ! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé tọ́jú kí ó tó ba ọkàn jẹ́.