Ground kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń kun àlàfo: ohun tí bọ́ọ̀dù mẹ́ta fojú mi rí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi. Àwọn kan nínú yín máa ń fi fáìlì KiCad (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán bọ́ọ̀dù iná) ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó sanwó ẹ̀ fáwọn ará Ṣáínà, mo wá rí i pé àṣìṣe kan náà tí mo ṣe láyé ọjọ́sí lórí ground, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí negative bátìrì, lẹ ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí fọ́ìsì nóòtì ti sú mi.

Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo padà sí Kabba, ti sólà ni, fún pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan lóko ẹ̀gbọ́n wa kan lọ́nà Iyara. Bátìrì 12 V, pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa 2 A, ATmega328P (chip kékeré tó jẹ́ ọpọlọ bọ́ọ̀dù) tó ń ka bátìrì, tí bátìrì bá ti wálẹ̀ dé 11.9 V kó pa pọ́ọ̀ǹpù kíákíá. Fúnra mi ni mo fi omi ferric jẹ kọ́pà ẹ̀ nínú ike lẹ́yìn ilé. Lórí tábìlì ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ lórí tábìlì kò sí pọ́ọ̀ǹpù o, LED lásán ni mo fi rọ́pò ẹ̀. A gbé e dóko, pọ́ọ̀ǹpù tan, ó kú, ó tún tan, ó tún kú, omi ń tu pọ́ọ̀ pọ́ọ̀ lẹ́nu páìpù. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n ní "Ṣé òsúkè ló ń ṣe é ni?"

Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan bátìrì. Mo yá òmíràn, ohun kan náà ni. Mo fẹ̀sùn kan code, mo fi delay sí i, òsúkè náà kàn wá ń pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó fi mítà ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́: dúdú lórí negative bátìrì, pupa lórí ẹsẹ̀ ground ti chip. Nínú schematic (àwòrán ìsopọ̀) ibì kan náà ni ibi méjèèjì, GND àti GND, òdo ló yẹ kí mítà sọ. Nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù kú, òdo ni lóòótọ́. Nígbà tó tan, 0.1 V.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Kọ́pà 1 oz tí gbogbo wa ń lò, 35 µm ni ó ki. Tẹ́ ẹ bá gé igun mẹ́rin ọgbọọgba nínú ẹ̀, yálà ó kéré ni o tàbí ó tóbi, resistance ẹ̀ láti etí kan dé ìkejì tó 0.5 mΩ. Trace ground tèmi (trace ni ìlà kọ́pà tí iná ń gbà), 1 mm ni mo fà á ní fífẹ̀, ó gùn tó 10 cm, ìyẹn igun mẹ́rin 100 tó tò tẹ̀lé ara wọn, 50 mΩ. 2 A gba orí ẹ̀ kọjá, 0.1 V nìyẹn. ADC chip yẹn (apá tó ń sọ volt di nọ́ńbà), 10 bit lórí 5 V, ìṣísẹ̀ ẹ̀ kan kò pé 5 mV, nítorí náà ìṣísẹ̀ ogún ló ti sọnù. Èyí tó wá burú jù ni pé resistor méjì tó ń pín volt bátìrì sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdí bátìrì níbẹ̀ ni mo so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́, kì í ṣe ìdí chip, torí náà 0.1 V yẹn di 0.4 V lójú chip. Bátìrì wà ní 12.2, chip ń rí 11.8, ó pa pọ́ọ̀ǹpù. Bó ṣe pa á báyìí, iná dúró, irọ́ náà tán, ó rí 12.2, ó tún tan án. Chip ò ṣẹ̀. Èmi ni mo parọ́ fún un.

Iná tó bá jáde lápá positive gbọ́dọ̀ padà sílé, kò níbi tó máa sùn sí lọ́nà. Trace tó ń lọ la máa ń fi gbogbo ọgbọ́n wa fà, èyí tó ń bọ̀ wá dà bí ọmọ ìyàwó tí a ò fẹ́. Ìdí tí ground plane fi wà nìyẹn: odindi ojú kọ́pà kan, kí àbọ̀ iná, ìyẹn iná tó ń padà bọ̀, rí ọ̀nà gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ọ̀dù kejì. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń da ground sórí bọ́ọ̀dù, mo wá parí gbogbo trace mi tán, mo fa zone (ààlà ibi tí kọ́pà máa kún) yí bọ́ọ̀dù ká lójú méjèèjì, mo tẹ B kí KiCad kùn ún, gbogbo ẹ̀ di pupa àti búlúù, ó rẹwà, mo ya fọ́tò ẹ̀ fi sí status. Ẹ wò ó dáadáa o. Trace ti gé kọ́pà ìsàlẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ibi tí chip wà dà bí erékùṣù, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló so ó mọ́ ìyókù. Ti òkè ẹ̀ wá burú jù, mo gbàgbé láti yan GND fún zone náà, kò ní net kankan (kò so mọ́ nǹkankan), àmọ́ KiCad kùn ún bẹ́ẹ̀ náà, kọ́pà lásán tó jókòó bí àlejò tí kò kí ẹnikẹ́ni. Àti pé mo ti yí thermal relief (tó ń fi ọwọ́ kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ mọ́ plane) padà sí solid (kọ́pà kún yí ẹsẹ̀ ká) níbi gbogbo, mo rò pé kọ́pà tó bá ti pọ̀ ló dáa. Ìgbà tí mo fẹ́ jó lẹ́ẹ̀dì sí ẹsẹ̀ ground ni mo mọ̀ pé plane ń jẹ ooru bí ẹni tó gbààwẹ̀, áyọ́ọ̀nù mi ò lè mú un gbóná, lẹ́ẹ̀dì kó jọ bí iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kéékèèké ní thermal relief. Ibi tí iná ńlá ń gbà, bíi MOSFET (súwíìṣì tó ń tan pọ́ọ̀ǹpù) àti ìdí bátìrì, ni kẹ́ ẹ fi solid sí, kẹ́ ẹ sì wá áyọ́ọ̀nù tó lágbára.

Ẹ̀kẹta ni mo tó yí ọ̀nà padà. Kí n tó fa trace kankan, mo ti fi ojú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ground. Mo kó bátìrì, MOSFET àti pọ́ọ̀ǹpù sí igun kan pọ̀ kí 2 A yẹn má bàa nídìí tó fi máa gba ẹ̀gbẹ́ chip kọjá, torí plane kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó to nǹkan síbi tí kò yẹ. Trace tó bá di dandan kó gba ìsàlẹ̀, kò ju 1 cm lọ, ó fò, ó sì padà sókè. Via ground (ihò tí kọ́pà bò nínú, tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀) wà káàkiri.

Ẹnì kan nínú yín bi mí bóyá kó gé ground sí méjì, ti analog lọ́tọ̀, ti digital lọ́tọ̀. Rárá o. Ẹni tó bá ti dúró létí omi ní Lọ́kọ́ja rí á ti rí bí Ọya àti Bẹ́nuè ṣe ń ṣàn nínú ojú odò kan náà, tí àwọ̀ wọn ò sì tètè dàpọ̀. Iná tó ń yára, ìsàlẹ̀ trace tó bá jáde gan-an ló máa ń gbà padà, ẹ ò ní láti mọ ògiri fún un. Tẹ́ ẹ bá wá gé plane, tẹ́ ẹ tún fa trace gba orí àlàfo yẹn, àbọ̀ ẹ̀ á lọ yípo ọ̀nà jíjìn, òrùka ńlá ti dá sílẹ̀ nìyẹn, áńtẹ́nà tí ẹ ò rówó ẹ̀ gbà. Ẹ to àwọn ẹ̀yà bọ́ọ̀dù yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó tó.

Power plane, ìyẹn odindi kọ́pà fún power, ńkọ́? Lórí léyà méjì, ẹ má dà á láàmú, ẹ fa trace power tó fẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi kapásítọ̀ 100 nF sí ìdí ẹsẹ̀ power chip kọ̀ọ̀kan, kó súnmọ́ ọn gan-an. Tó bá di léyà mẹ́rin, ìwé á sọ pé ground ní ìkejì, power ní ìkẹta, àwọn méjèèjì á dà bí kapásítọ̀ ńlá kan. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú 1.6 mm, léyà kìíní sí ìkejì jìnnà tó 0.2 mm, ìkejì sí ìkẹta ju 1 mm lọ, wọ́n jìnnà síra jù, kapásítọ̀ wo ló máa tinú ìyẹn jáde? Èmi máa ń fi ground sí inú méjèèjì, mo máa ń fa power bíi trace yòókù, via ground kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ via signal, àbọ̀ iná á bá a sọ̀ kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti sún nǹkankan, ẹ tún tẹ B kẹ́ ẹ tó yọ gerber (fáìlì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù). Kẹ́ ẹ sì ṣí gerber náà wò.

Ẹ̀kẹta yẹn wà lóko lọ́nà Iyara di ìsinsìnyí. Mo gbé mítà dúdú sórí negative bátìrì, pupa sórí ground chip, pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́, kò pé 5 mV. Ẹ̀gbọ́n ṣì máa ń pè é ní Olósùúkè.