Ẹ̀bà la fi dán wọn wò

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní kíláàsì ní Ẹ̀pẹ́ lónìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ScratchJr, áàpù tí ọmọ ọdún 5 sí 7 fi ń to bùlọ́ọ̀kù àṣẹ tẹ̀lé ara wọn láti darí àwòrán, yé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, àbí wọ́n kàn ń fọwọ́ ti ológbò inú ẹ̀ kiri. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé "Ṣó yé yín?", ẹ ti mọ ìdáhùn: "Ó yé wa, mà!"

Mo bá kó tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò, mo to káàdì tí mo kọ ìgbésẹ̀ ẹ̀bà sí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àṣẹ kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "rò ó" ṣáájú "da gààrí sí i". Ọmọbìnrin kan wò mí: "Àǹtí, ṣé omi lásán lẹ fẹ́ rò ni?" Káàdì kan ṣoṣo ló sún, kò fọwọ́ kan ìyókù. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn: kí wọ́n rí àṣẹ tí kò sí ní àyè ẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò!

Mo bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó la máa rò ó. Ẹnìkan ní márùn-ún. Ìkejì ní: "Títí kókó inú ẹ̀ fi máa tán." Háà! Iye ìgbà ni wọ́n ń kọ sí bùlọ́ọ̀kù tó ń mú kí àṣẹ ṣẹlẹ̀ léraléra nínú ScratchJr, tàbí kó máa lọ láìdúró. Ọmọ yìí ti kọjá ibẹ̀. Máàkì ẹ̀ ti kún o jàre.